Mọ̀núrù Di Méjì

Ìta Fájì, 1998. Ọ̀gá ní kí n sọ òṣèré wa, Mọ̀núrù, di méjì nínú fíìmù. Bí mi ò bá rí i ṣe dòní, kí n lọ wáṣẹ́ míì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń gbìyànjú ẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, tí mò ń fa ìlà láti àpótí kékeré ojú ẹ̀ tó ń gé àwòrán lọ sí èyí tó ń so wọ́n pọ̀.

Gbogbo ìgbà ni Mọ̀núrù kejì ń jáde láìlórí.

Ọ̀gá ki kásẹ́ẹ̀tì òní bọ fídíò. Wọ́n fò sókè.

"Àlímọ̀t! Mọ̀núrù ń bu búrẹ́dì fún Mọ̀núrù! Ojú ibi tó o ti so wọ́n pọ̀ ò tiẹ̀ hàn!"

Gbogbo stúdíò gbé mi sókè. Mo bú sẹ́rìn-ín.

Mi ò tíì tan kọ̀ǹpútà láti àárọ̀.

Kẹ́hìndé ni Mọ̀núrù. Táyé ẹ̀ ló gbé búrẹ́dì wá fún un níwájú kámẹ́rà láàárọ̀.