Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Ògiri

Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ ìbéèrè tó kẹ́yìn ránṣẹ́, ó sì fara ti àga. Ènìyàn kan wà nínú yàrá kan lẹ́yìn ògiri, ẹ̀rọ wà nínú ìkejì. Ìdáhùn wọn nìkan ni yóò fi mọ èwo ni èwo. Àbí ta ni kí wọ́n tún pè, bí kì í bá ṣe ẹni tó ti kọ ìwé mẹ́ta lórí ọkàn ọmọ ènìyàn?

“Yàrá kìn-ín-ní, ènìyàn gidi nìyẹn,” ó sọ fún akọ̀wé rẹ̀. “Ó béèrè bóyá mo ti jẹun. Ó tilẹ̀ bá mi jiyàn!”

“Ìkejì ńkọ́, sà?”

“Irin lásán! Ohunkóhun tí mo bá sọ, ‘Bẹ́ẹ̀ ni. Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ má bínú.’ Kò sí nǹkan kan nínú agbárí ẹ̀.”

Akọ̀wé lọ ṣí ilẹ̀kùn yàrá kejì. Ìyàwó ọ̀jọ̀gbọ́n, tó ti wà nílé rẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún, jáde wá pẹ̀lú báàgì lábíyá.

“Ìwọ kẹ̀! Kí ló dé tí o ò bá mi jiyàn?”

“Òótọ́ lẹ sọ,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Ẹ má bínú.”