Iná Tó Pọ̀ Jù fún Róbọ́ọ̀tì Inúolúwa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ bá a dé ìparí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹ́ gbọ́ "ní sùúrù."

1. Fẹ́sítààkì, ní Èkó, ni Inúolúwa ti dàgbà. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀, ó kan róbọ́ọ̀tì kékeré kan tó ń gbé omi àti oògùn wá bá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bátìrì ńlá ló ń yí táyà rẹ̀; pawa báńkì ló ń gbé kọ̀ǹpútà inú rẹ̀. Àmọ́ pawa báńkì yẹn kì í pẹ́ kú. Róbọ́ọ̀tì á dúró sáàárín pálọ̀, òǹgbẹ á sì máa gbẹ Màmá.

2. Inúolúwa ní kí bátìrì ńlá kúkú máa gbé méjèèjì. Waheed, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ní èrò náà dára.

"Ṣùgbọ́n iná bátìrì yẹn pọ̀ jù fún kọ̀ǹpútà. Jẹ́ kí n ra ẹ̀rọ tó ń dín iná kù, àti fíùsì. Dúró dè mí."

"Ta ló kan róbọ́ọ̀tì yìí, èmi àbí ìwọ?"

Waheed gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó lọ.

3. Kò tíì dé tí Inúolúwa fi so kọ̀ǹpútà mọ́ bátìrì ńlá tààrà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá. Kọ̀ǹpútà tàn fìrí, ó kú. Wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Kí ó tó mọ̀, iná ti mú etí bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì.

"Inú, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi," ni Màmá wí jẹ́jẹ́.

Ó gbìyànjú, kò lè dá gbé wọn. Ìgbà náà ni Waheed wọlé. Wọ́n jọ gbé Màmá bọ́ sí pálọ̀, Waheed sì fi búláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn bo iná náà pa.

Màmá ò fara pa rárá. Inúolúwa dọ̀bálẹ̀, ó ń sunkún.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Díẹ̀ ló kù kí n fọwọ́ ara mi pa yín."

"Dìde, ọmọ mi. Olúwa ti kó wa yọ. Ọ̀rẹ́ rẹ ni kí o bẹ̀."

Ó bẹ Waheed. Waheed kàn yọ ẹ̀rọ tó rà jáde nínú báàgì, ó ní, "Jẹ́ ká ṣe é bó ṣe yẹ."

4. Kọ̀ǹpútà jóná, àmọ́ káàdì mẹ́mórì inú rẹ̀, tí gbogbo iṣẹ́ Inúolúwa wà lórí rẹ̀, ò bàjẹ́. Wọ́n wá kọ̀ǹpútà mìíràn, wọ́n fi ẹ̀rọ àti fíùsì tí Waheed rà sí i, wọ́n sì wọn iná kí wọ́n tó so ó. Ní báyìí, róbọ́ọ̀tì ń lọ, ó ń bọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ọkàn Màmá sì balẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó ní kí ẹ dúró kò jowú yín. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọ̀rẹ́ máa ń wọlé bọ́ sí àsìkò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èyí tí a bá fagbára mú ní ń le koko.