Omi Wúrà Ẹnu Ọ̀nà Ìgbẹ̀bí

Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí, mo ti ìka bọ inú omi wúrà, omi tí wọ́n po ẹ̀rún wúrà sí láti fi yẹ àìsàn wò, bí òfin ti wí. Pupa ni omi náà tẹ́lẹ̀. Ó di búlúù.

“Àìsàn wà lára yín, Màmá,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Ẹ padà wá ní ọ̀túnla.”

“Ọmọ mi ló ń rọbí nínú ilé yẹn. Ẹja ni mo fi iyọ̀ sí láàárọ̀. Iyọ̀ ló sọ ọ́ di búlúù.”

“Ẹ lọ fọwọ́, kí ẹ tún un ṣe.”

Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ń ti ìka bọ omi wúrà tuntun. Búlúù ni. Òkun ti wọ kànga ilé ìgbẹ̀bí, omi ìfọwọ́ wọn ti di oníyọ̀.

“Nọ́ọ̀sì, omi kan náà lo fi ń fọwọ́. Ti ìka tìrẹ náà bọ omi wúrà tuntun.”

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Búlúù. Ó wo ìka rẹ̀ títí, ó ṣílẹ̀kùn, àwa aláìsàn méjèèjì sì jọ wọlé lọ gbẹ̀bí.