Ọ̀sẹ̀ Tí Wọn Ò Bá Dunja Sọ̀rọ̀

Nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí kùrukùru odò Morava ti ń bá àwọn ọmọ wọ kíláàsì, Olùkọ́ Radmila dé orí ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀: bí àwùjọ ṣe ń fìyà jẹ ènìyàn láìgbé ọwọ́ sókè. Kíláàsì àṣekágbá nìkan ló ń kọ́ ní ẹ̀kọ́ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, ojú ewé kan péré sì ni ìwé wọn fi sọ ọ̀rọ̀ náà. Radmila kì í fi ìwé kọ́ ọ. Lọ́dọọdún, ó máa ń ní kí àwọn ọmọ yan ẹnì kan láàárín ara wọn, kí wọ́n má sì bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Wọn ò ní kí i, wọn ò ní dá a lóhùn, wọn ò ní yá a ní nǹkan. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, gbogbo wọn á jọ jókòó sọ ohun tí wọ́n rí kọ́.

“Ta ló máa gbà á?” ó bi wọ́n lọ́jọ́ Ajé.

“Dunja!” Ẹnu wọn kò lẹ́ẹ̀kan náà.

Dunja, tó dá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ti nawọ́ kí wọ́n tó pè é tán.

“Ṣé ó wù ẹ́, àbí àwọn ọmọ burúkú yìí ló ń tì ẹ́?”

“Ó wù mí, mà.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ṣé mo lè sọ fún màmá mi?”

“Sọ fún un. Kó má lọ rò pé wọ́n ń fojú ọmọ òun gbolẹ̀.”

Ognjen, aláwàdà kíláàsì, pariwo látẹ̀yìn: “Dunja, ó dàbọ̀ o! Ó dìgbà!” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ojú Radmila ti rí kíláàsì púpọ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì, ẹnì kan á ti gbàgbé, á ní kí wọ́n yá òun ní bírò. Ọ̀rẹ́ kan á yọ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù. Ẹni tí wọ́n yàn á lọ sunkún sí ilé ìtọ̀, Radmila á sì lọ bẹ̀ ẹ́. Ti ọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀. Ẹnikẹ́ni ò ṣì í. Lásìkò ìsinmi, Dunja á fara ti irin tó ń mú ilé gbóná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa jẹ ìpápánu wàràkàṣì rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa kọjá lára rẹ̀ bí ẹni ń kọjá lára òpó.

“Àwọn ọmọ mi mà mọ iṣẹ́ o,” Radmila fọ́nnu ní yàrá àwọn olùkọ́. “Wọ́n ń ṣe é bí ẹni pé òótọ́ ni!”

Olùkọ́ ìṣirò, tó ti mọ kíláàsì náà láti ọdún kìíní, ń ro kọfí rẹ̀.

Lọ́jọ́rú, Radmila dá Dunja dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. “Ṣé kò dùn ẹ́?”

“Rárá, mà. Mo gbádùn ọ̀sẹ̀ yìí gan-an.”

Ọmọ tó lọ́kàn ni, Radmila sọ nínú ara rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ṣófo. “Slava ni wọ́n ń ṣe nílé wọn, mà,” ọmọ kan sọ. Àyà Radmila já. Kò sẹ́ni tó ń pe èèyàn wá sí slava. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ ẹni mímọ́ tó ń dáàbò bo ìdílé, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí, ẹni tó bá fẹ́ràn yín á wá fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi sọ fún un, òun náà ò sì ronú béèrè kó tó mú ọ̀sẹ̀ náà.

“Mo yọ̀ǹda yín lónìí,” ó sọ kíákíá. “Ẹ lọ bá a ṣọdún.”

“Ká wá ba iṣẹ́ jẹ́ nígbà tó ku ọ̀la?” Ognjen dáhùn. “Òfin ni òfin, mà.” Àwọn yòókù mi orí. Inú Radmila bà jẹ́, síbẹ̀ orí rẹ̀ wú díẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ lọ nírọ̀lẹ́. Wọ́n ti tan àbẹ́là ẹni mímọ́, tábìlì gùn láti ògiri dé ògiri, ìkòkò sarma, ẹran lílọ̀ tí wọ́n fi ewé kábéèjì wé, ń yọ èéfín, àlìkámà síse wà nínú abọ́. Bàbá arúgbó kan ṣoṣo ló ń tòògbé nídìí ọtí. Àwo jíjẹun tò jọ gègèrè, bébà iye owó ṣọ́ọ̀bù ṣì lẹ̀ mọ́ ìdí wọn, ó ti pọ́n rúsúrúsú.

“Ẹ káàbọ̀, Tíṣà!” Màmá Dunja ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ wá wo bí iṣẹ́ yín ṣe sọ ilé mi dahoro! Dunja ti sọ fún mi, wọn ò gbọdọ̀ wá. Àwọn ọmọ yìí mà gbọ́ràn o! Ẹ jókòó, ẹ bá wọn jẹ tiwọn. Èyí tó bá kù, màá fi pamọ́ sí fíríìsà dè wọ́n.”

Radmila jẹun. Ojú tì í débi pé kò lè wo Dunja, tó ń gbé àwo lọ gbé àwo bọ̀. Ó búra nínú ọkàn rẹ̀ pé òun máa tún un ṣe.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó dúró níwájú kíláàsì. “Iṣẹ́ ti parí. Mi ò rí kíláàsì tó ṣe é tó báyìí rí. Dunja, o kú ìfaradà. Ẹ̀yin yòókù, ẹnu yín ti là. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ lọ jẹ sarma nílé wọn, màmá rẹ̀ ń retí yín.”

Wọ́n wo ara wọn. Ognjen ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Aago lù, wọ́n gbé báàgì, wọ́n tú jáde. Ara tu Radmila. Ó ń nu pátákó nígbà tí Dunja rìn wá bá a.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ fún màmá mi pé ó ti parí,” ọmọ náà sọ jẹ́jẹ́, “torí láti ọdún kìíní tí wọn ò ti bá mi sọ̀rọ̀ ni mo ti ń wá ohun tí mo máa sọ fún un lọ́jọ́ slava, èyí sì ni àkọ́kọ́ tó gbà gbọ́.”