Omi Òrùlé Gernot

Ní ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀, Gernot sọ òrùlé ilé kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé di ọgbà. Ó tẹ́ ọ̀rá dúdú kan tó nípọn sí i kí gbòǹgbò má baà lu òrùlé, ó da iyẹ̀pẹ̀ lé e, koríko sì hù níbẹ̀. Ó gbé àgbá sísàlẹ̀ kí omi òjò máa ṣàn sínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó kú nílé ìwòsàn, ó ní kí Hiltrud ìyàwó rẹ̀ jókòó ti òun díẹ̀ sí i. Hiltrud ní òun fẹ́ lọ fún ológbò lóúnjẹ. Kó tó padà dé, ọkọ rẹ̀ ti lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó gbin òdòdó begóníà sórí sàréè, ó sì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Gernot, tó o bá ti dárí jì mí, jẹ́ kí wọ́n yè." Omi ẹ̀rọ ìlú náà kún fún ẹfun, begóníà kì í fẹ́ ẹ. Nítorí náà, omi inú àgbá ló ń fi kẹ̀kẹ́ gbé wá láti ilé, kẹ́ẹ̀gì méjì, lójoojúmọ́.

Annegret, ìyàwó tí Gernot kọ́kọ́ fẹ́ kó tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀, máa ń wá tún sàréè ìyá rẹ̀ ṣe nítòsí ibẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé ẹ̀rọ omi ibí ti bàjẹ́ ni?"

"Omi ilé nìyí, ẹ̀gbọ́n. Òrùlé tí Gernot ṣe ló ti ṣàn wá."

"Ó mà ti yíwà padà o! Nígbà tó wà lọ́dọ̀ mi, bíà nìkan ló ń mu."

Kò pé oṣù kan tí ewé begóníà fi ká kò, tí igi rẹ̀ lọ́, tó sì kú. Hiltrud tún gbin òmíràn. Ìyẹn náà kú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló gbìn ín, koríko àárín òkúta nìkan ló ń tutù yọ̀yọ̀. Ẹ̀rù wá ń bà á nínú ilé. Bí òjò bá ti ń kán sínú àgbá, ohùn Gernot ló ń gbọ́: jókòó díẹ̀ sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbin òdòdó sí i."

"Èmi kẹ̀? Ọkùnrin tó lé mi jáde?"

"Ẹ jọ̀ọ́. Kò gbà á lọ́wọ́ mi."

Annegret kó iyẹ̀pẹ̀ àtijọ́ dànù, ó gbin begóníà tuntun, ó sì ń fi omi ẹ̀rọ itẹ́ òkú bomi rin ín. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, òdòdó ti bo sàréè náà, ó pupa fòò.

Hiltrud dúró síwájú rẹ̀, ó sunkún. Àyè ẹni méjì ni òun àti ọkọ rẹ̀ rà síbẹ̀. Ó lọ sí ọ́fíìsì itẹ́ òkú, ó buwọ́ lùwé, ó fi àyè tirẹ̀ sílẹ̀ fún Annegret.

"Ìyàwó, ṣé orí ẹ pé? Ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ lò ń fún mi yìí!"

"Ẹ̀yin ló yàn."

Hiltrud kò tún débẹ̀ mọ́. Nígbà òtútù, Annegret kú, wọ́n sì sin ín ti Gernot.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìsìnkú náà, ìjọba ìlú fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí gbogbo ilé tó ní ọgbà lórí òrùlé pé kí wọ́n má ṣe fi omi tó ń ṣàn láti ibẹ̀ bomi rin òdòdó mọ́, nítorí pé oògùn tó wà nínú ọ̀rá dúdú abẹ́ iyẹ̀pẹ̀ ń mú kí ewé ká kò kí òdòdó sì kú, koríko nìkan ni kì í ṣe ní nǹkan kan.