Ọkùnrin Tó Wá Wọn Títì

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù pénpé aláwọ̀ ọsàn, irú èyí tó ń dán lára àwọn òṣìṣẹ́, dé sí títì kan ní Mafolúkù. Ó na téèpù láti gọ́tà kan dé èkejì, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé.

Memunat tó ń ránṣọ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí i, àyà rẹ̀ já. Ó ti tó ọdún méjì tí ìjọba ti ń sọ pé àwọn á fẹ títì náà. Bí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́, pèpéle tó ń gbé máṣíìnì mẹ́ta sí ló máa kọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ọkọ rẹ̀ olóògbé ló fọwọ́ ara rẹ̀ da kọnkéré rẹ̀.

Ó gbé àga fún àlejò náà. Àyànníyì lorúkọ rẹ̀. Ó ní ibi iṣẹ́ lòun ti ń bọ̀, nǹkan kan lòun sì fẹ́ béèrè. Memunat ní òun mọ̀, kó kọ́kọ́ mu míníráàlì ná.

Kó tó mu ún tán, Teslim, alága àwọn oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá, ti dé láti bẹ̀bẹ̀ fún ibi táwọn ń páàkì sí. Bàbá Adéyanjú, olórí àwọn onílé, dé tẹ̀lé e: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fẹ́ǹsì òun. Bí Àyànníyì bá ti lanu, ẹnìkan á gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Níkẹyìn, ó kàn bi wọ́n bóyá lọ́rí lè wọlé láti ìta.

"Bó ṣe rí yìí? Kò lè wọlé," ni Teslim wí.

Àyànníyì mirí. "Ó mà ṣe o." Ó ní òun á padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìpayà bá wọn. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá ní ó mà ṣe, katapílà ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ṣèpàdé lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n bú ara wọn, wọ́n parí ìjà, wọ́n sì gbà pé ó sàn kí kálukú fọwọ́ ara rẹ̀ wó tirẹ̀ níwọ̀nba. Bàbá Adéyanjú sún fẹ́ǹsì sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Teslim kó gbogbo kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Memunat gba òòlù, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ran òun lọ́wọ́. Nígbà tó fọ́ pèpéle náà tán, ó jókòó sórí àfọ́kù rẹ̀, ó sunkún díẹ̀, ó sì dìde gbálẹ̀.

Nígbà tí Àyànníyì padà dé, gbogbo wọn ti tò sẹ́bàá títì. Ẹnu yà á. Ó tún ibẹ̀ wọ̀n. Lọ́rí á wọlé wàyí, kódà á rí àyè yí padà.

"Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn, sà?" ni Bàbá Adéyanjú bi í.

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an, bàbá," ni Àyànníyì fèsì tẹ̀ríntẹ̀rín, "ó wá ku kí ẹ bá mi wá yàrá kan tí mo lè háyà ládùúgbò yín, torí fákítìrì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Ísọlọ̀ ti ní àwọn á yá mi ní lọ́rí kan tí mo máa fi kó ẹrù mi."