Ìyá Ní Kí N Júwe Àwòrán Ọmọ Òun

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lókè òkun, ẹ gbọ́ tèmi.

Ìlobù, ọdún 1958. Ìyá ọkọ mi kò ríran mọ́, àwòrán ọmọ rẹ̀, ìyẹn ọkọ mi, sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilẹ̀ Gáná.

"Mùíbátù, báwo ni Jàlálù ṣe rí?"

"Ó sanra, Ìyá."

Mo dìde. Mo tún jókòó.

Ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n sin ẹnìkan ní Ìfọ́n. Ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà ní Gáná ló ti kó ikọ́ bọ̀. Ibẹ̀ náà ni ọkọ mi ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó kún dáadáa."

"Kí ló dé tí o ń dìde, tí o ń jókòó bí adìẹ tó fẹ́ yé? Ṣé ó dúró àbí ó jókòó?"

"Ó dúró, Ìyá."

Ó dúró lóòótọ́. Ọkùnrin méjì ló gbá a mú lábíyá kó má baà ṣubú.

Ìyá na ọwọ́ sí mi, ó là á. Òrùka fàdákà ọkọ mi ló wà níbẹ̀. Oníṣẹ́ tó mú àwòrán wá ti kọ́kọ́ fi í lé e lọ́wọ́. Ọkọ mi ti wé òwú mọ́ ọn kó má baà máa yọ bọ́ níka rẹ̀.

"Ṣé ẹni tó sanra ló ń wé òwú mọ́ òrùka?"

Mo bú sẹ́kún.

"Dákẹ́, ìyàwó. Lọ mú un wálé. Bó bá máa wúkọ́, kó wá wú u níbi tí etí mi á ti máa gbọ́."